Samuel Crowther Mẹ́rin Nínú Ìwé Kan: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Wa l'Ágbádárìgì

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe l'Ágbádárìgì, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Agbálátà. Fọ́tókọ́pì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, risíìtì ẹlẹ́gbẹ́ àjọ, gbogbo ẹ̀ là ń ṣe. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ torí pé ọwọ́ mi ni ẹ̀bi rẹ̀ ti wá, àti torí pé àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ mi ti ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun gbọ́ pé mo kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ló kọ́kọ́ ra mọ́tò Ford nílẹ̀ Yorùbá. N ò kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ burú jùyẹn lọ díẹ̀.

Ọjọ́rú kan ni ìyá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọdé nínú ìjọ kan wọlé. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ jọ ní Sátidé, kí wọ́n mú wọn rìn láti ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere nílùú yìí lọ́dún 1842, títí dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 tó kọjú sí ọ̀sà ní Marina, èyí tí gbogbo wa kà nílé ìwé pé òun ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé pélébé kan dání, ojú ewé méjìlá, tí ìtàn àwọn àgbà ìsìn àti ti ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Àádọ́jọ ẹ̀dà. Bébà tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ iléèwé ló fi lé mi lọ́wọ́. Orúkọ márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn wọn: Freeman, Townsend, Samuel Crowther, T. B. Macaulay, Samuel Johnson.

"Ẹ bá wa wá ìtàn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Bàbá Ìbejì," ló wí. "Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn tí a ò ránṣẹ́ pè.

Mo gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ọmọ náà mọ CorelDRAW bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Iná ò sí lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, kò fẹ́ fi àkókò ṣòfò. Ó ń tẹ orúkọ sórí fóònù níkọ̀ọ̀kan, ó ń kó ohun tó bá jáde. Freeman àti Townsend ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ti àwọn mẹ́ta tó kù, ó ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin, ó pò wọ́n pọ̀, ó sì fi Yorùbá tó dùn lẹ́nu kọ wọ́n. Nígbà tó parí, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Mo wo etí bébà, mo wo àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé, mo wò ó bóyá àmì orí lẹ́tà kò ṣí kúrò nípò. Mo wò ó o, n ò kà á.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, a ti fi pín-ìn-nì gún àádọ́rùn-ún nínú wọn. Ìgbà náà ni Bàbá Tísà wọlé.

Bàbá Tísà ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ègùn ni, ìdajì àwọn tó ń tajà ní Agbálátà ló sì kọ́ ní ABD. Okùn dúdú ló so mọ́ apá kan dígí ojú rẹ̀ torí pé apá náà ti kán. Àwọn ìwé kan ló mú wá kí a bá a dà kọ. Bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe dọ̀bálẹ̀ tán tó gba ìwé náà, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mú ọ̀kan nínú ìwé ìjọ náà lórí òkìtì, ó ní òun á fi dúró dè wá.

Ojú ewé karùn-ún ló ti dúró. Ó kà á sókè, ohùn tíṣà tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kọ:

"'Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822. Ọdún 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Lọ́dún 1922, ó bá Henry Ford, ọlọ́kọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé Ford...'"

Ó dákẹ́. Ó yọ dígí, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún un fi sójú. Ó gbé àtàǹpàkò lé orí 1891, ó na ìka ìlábẹ̀ lé orí 1922, bí aránṣọ tó ń wọn aṣọ.

"Bàbá Ìbejì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò nínú sàréè kó tó bá òyìnbó kọ̀wé."

Ọmọ iṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ewé kẹfà. Àwòrán òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù nlá. A kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Thomas Babington Macaulay nìyí, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1859, bàbá Herbert Macaulay. Bàbá Tísà gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ṣé Herbert Macaulay tó wà lórí náírà kan àtijọ́, bàbá rẹ̀ lẹ pè báyìí?"

N ò rí nǹkan sọ. Ó ń kà á lọ. A ti kọ ọ́ pé wọ́n bí Macaulay lọ́dún 1826, a sì tún kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé lọ́dún 1835 ó wà ní Íńdíà, ó kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa náwó lé lórí fún ẹ̀kọ́, kó fi Sanskrit àti Lárúbáwá sílẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án," Bàbá wí jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ń ṣàánú ọmọ náà.

Ti Samuel Johnson ló burú jù. Nínú ewé keje wa, ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1755, tó tún jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ìwé ńlá rẹ̀ nípa ìtàn Yorùbá sì jáde lọ́dún 1921. Bàbá ò tilẹ̀ ṣírò èyí. Ó kàn wò mí.

Nísàlẹ̀ ewé kẹjọ ni ọmọ iṣẹ́ mi kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i lẹ́nu bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, kó wá ìwé "Ajayi, 1965". Ó rí i bẹ́ẹ̀ níbìkan, ó rò pé Àjàyí Crowther náà ni. Ibẹ̀ ni Bàbá Tísà ti wá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí dígí fi bọ́ lójú rẹ̀, okùn dúdú yẹn ló gbà á mú.

Mo bi í léèrè bí ojú rẹ̀ ṣe mú tó bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí àwọn ìwé tó ní kí a dà kọ. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni. Tíṣà kan wà tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, orúkọ bàbá pẹ̀lú, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ sáà kan náà. Ìyẹn kú. Nígbà tí wọ́n máa pa orúkọ òkú rẹ́ nínú ìwé, ti alààyè ni wọ́n pa rẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá fi ń lọ tó ń bọ̀, tó ń mú ẹ̀rí wá pé òun ò tíì kú.

"Mo dúró níwájú ọmọdébìnrin yẹn," ó ní, "mo ní, ọmọ mi, ṣé o ò rí mi ni? Ó ní, Bàbá, mo rí yín, ṣùgbọ́n orúkọ yín ti kú."

Ọmọ iṣẹ́ mi ò gbà pé òun jẹ̀bi pátápátá. Ó ní, "Bàbá, ṣebí orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́? Báwo ni màá ṣe mọ̀?" Mo fẹ́ bá a wí, Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní ìbéèrè gidi nìyẹn, àti pé èmi náà ni mo gba orúkọ ṣákálá lọ́wọ́ oníbàárà láìbéèrè ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá ní ẹnì kan fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ, ṣé orúkọ nìkan lo máa béèrè? O ò ní bi wọ́n pé ọmọ ta ni, ọmọ ibo ni, agbo ilé wo?"

Ó mú ọ̀kan nínú bébà tí prínta ti bàjẹ́, ó dojú ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó fa ìlà márùn-ún. Orúkọ. Ọmọ ta ni. Ọmọ ibo. Ìgbà wo. Iṣẹ́ wo. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mi mú fóònù, kó máa wá a níkọ̀ọ̀kan, kó má sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ tí kò bá rí ibi tó bá a mu nínú ìlà márààrún. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀yìn bébà náà ti kún, a tún lẹ òmíràn mọ́ ọn nídìí.

Samuel Crowther mẹ́rin la rí. Ọ̀kan jẹ́ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Newgate Street. Wọ́n bí i lọ́dún 1769, ó kú lọ́dún 1829, ó sì wà lára àwọn tó ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, lẹ́yìn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni Àjàyí tiwa, ọmọ Òṣogùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, orúkọ àlùfáà Lọ́ńdọ̀nù yẹn ló sì mú. Ẹni tó ni orúkọ ṣì wà láyé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọkùnrin bíṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n tún sọ ní Samuel Crowther. Ẹ̀kẹrin ni ará Amẹ́ríkà, oníròyìn, tí wọ́n bí lọ́dún 1880, tó kú lọ́dún 1947. Òun ló bá Ford kọ ìwé ọdún 1922, ó sì tún bá a kọ òmíràn lọ́dún 1926. Ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù kú l'Ékòó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: kì í ṣe pé orúkọ kan ṣèèṣì bọ́ sórí ẹni méjì. Yíyá ni wọ́n yá a, ní ojútáyé. Wọ́n gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́kọ̀ ẹrú, wọ́n mú un dé Freetown, tó bá sì di ọjọ́ ìrìbọmi, wọ́n lè fún un lórúkọ ẹni ńlá kan tó wà nílé lọ́hùn-ún. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ò jáwọ́ nínú àṣà náà: ó sọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní Dandeson Coates, orúkọ akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Tí ẹ bá wọ ilé Seriki Fárẹ̀mí Williams Abass níhìn-ín l'Ágbádárìgì, níbi tí wọ́n ti ń ti ẹrú mọ́lé, àwọn tó ń mú àlejò káàkiri yóò sọ fún yín pé Williams àti Abass yẹn, orúkọ àwọn tó ra òun náà ṣe ẹrú ni. Èyí tí ìjọ fún ni àti èyí tí olówó ẹrú fún ni ò dọ́gba, mo mọ̀. Síbẹ̀, lójú ẹni tó ń tẹ orúkọ sórí fóònù, ọ̀kan náà ni wọ́n ń dà.

Macaulay le ju Crowther lọ, torí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ọdún 1859 sì wà nínú ìtàn àwọn méjèèjì. Ti Ìlú Ọba ni wọ́n bí lọ́dún 1800. Zachary Macaulay ni bàbá rẹ̀, ẹni tó ti ṣe gómìnà ní Sàró rí, tó sì bá wọn jà kí òwò ẹrú dópin. Òpìtàn ni ọmọ náà, òun ló lọ sí Íńdíà. Tiwa ni wọ́n bí ní Kissy, ní Sàró, lọ́dún 1826, ọmọ Òjó Oríare, ará Ìkirun. Oṣù Kẹfà ọdún 1859 ni tiwa ṣí Grammar School l'Ékòó, oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ti Ìlú Ọba kú. Ẹni tó bá ń sáré kà á, yóò rí 1859, yóò rí ẹ̀kọ́, yóò rí Macaulay, yóò rí Sàró pàápàá, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ìlà "ọmọ ta ni" nìkan ló yà wọ́n. Níbi tí fóònù ti dà wọ́n pọ̀ pátá, Òjó Oríare dúró níbẹ̀ gbọn-in: òyìnbó wo ni Òjó bí?

Bàbá Tísà fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní kí a wo Òjó, kí a wo Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni méjèèjì. Ọmọ tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Òjó, èyí tó bá dojú bolẹ̀ ni Àjàyí, kò sẹ́ni tó ń yá wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Òjó di Thomas Babington Macaulay, Àjàyí fúnra rẹ̀ di Samuel Crowther. Ọmọ Òjó wá fẹ́ ọmọ Àjàyí, Abigail, wọ́n bí Herbert ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá ìyá rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní, "Ẹ fi àwọn òyìnbó inú rẹ̀ sílẹ̀ ná. Òjó àti Àjàyí di àna ara wọn, ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ti Johnson ò gba àkókò. Èyí tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọmọ Michael Johnson, ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ní Lichfield. 1709 sí 1784 ló lò láyé. Tiwa ni wọ́n bí ní Hastings, ní Sàró, lọ́dún 1846, Henry ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lọ́dún 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sọnù síbẹ̀. Òǹkọ̀wé kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló padà tún un tò láti inú àwọn ìwé tó ṣẹ́kù, kó tó jáde lọ́dún 1921. Kò sì sí ìwé atúmọ̀ kankan lọ́rùn Johnson tiwa. Ẹni tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ tó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1843 ni Crowther. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Háà, ẹ jẹ́ á yí i padà kíá kó tó tún dàrú."

"Ajayi, 1965" nìkan ló kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi ni, òpìtàn tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì lọ́dún 1929, tó ṣe gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978, tó kú lọ́dún 2014. Ó kọ púpọ̀ nípa bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àjàyí kọ̀wé nípa Àjàyí. N ò dá ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́bi lórí ìyẹn o. Tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi báyìí tí mo pariwo "Àjàyí!", ó kéré tán ẹni mẹ́ta á yíjú, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ mí lówó fọ́tókọ́pì.

Nígbà tí a ti tún ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ, àyè ṣófo ní ewé karùn-ún, níbi tí Ford wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kí a gbé àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Bàbá Tísà kọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló yẹ níbẹ̀, torí pé ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín ni bíṣọ́ọ̀bù ti dúró kó tó rí ìyá náà.

Oṣù Kìíní ọdún 1845 ni Crowther, Townsend àti Gollmer, ajíhìnrere CMS bíi tiwọn, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó máa gbà wọ́n lálejò, ti kú, ọ̀nà ò sì já gaara. Wọ́n dúró níbí fún nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Nígbà tí wọ́n wá dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, ní oṣù Kẹjọ, ìyá rẹ̀ gbọ́, ó wá a wá. Àfàlá lórúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn ní Òṣogùn. Ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ wọ aṣọ àlùfáà, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, Reverend Samuel Crowther ni gbogbo ayé ń pè é.

Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n wo ara wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Omijé ń dà lójú ìyá. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Àwọn orúkọ yẹn gan-an ò sí nínú ohun tí a kà. Bàbá Tísà ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, ó ní orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pe ọmọ nínú yàrá kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ki Àjàyí lábẹ́lẹ̀, Àjàyí Ògídí olú, oníkànga àjípọn, Bàbá sì gbè é, lórí bẹ́ǹṣì tiwa, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀.

Lọ́dún 1848, Àfàlá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Hannah nínú Bíbélì ni ìyá Samuẹli. Lójú tèmi, nínú gbogbo orúkọ òyìnbó tí wọ́n pín nínú ìtàn yìí, òun nìkan ló mọ ẹni tí wọ́n ń fún.

Ó wá ku iṣẹ́ ọwọ́. Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ìwé olójú ewé méjìlá, bébà A4 mẹ́ta la ń ṣẹ́ po fún ọ̀kan, ewé karùn-ún sí ẹ̀kẹjọ sì ni bébà tó wà ní àárín gbùngbùn. Gbogbo àṣìṣe wa, bébà àárín yẹn nìkan ló wà. A ò ní láti tẹ ẹ̀yìn ìwé ọlọ́nà-aláràbarà yẹn mọ́, èyí tó jẹ tónà jù. Àádọ́jọ bébà la tún tẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé ìyẹn rọrùn. Àádọ́rùn-ún ìwé ni a ti gún pín-ìn-nì. Ọ̀bẹ kékeré tí ìyàwó mi fi ń bẹ àlùbọ́sà ni mo fi ń tú u, pín-ìn-nì méjì fún ìwé kan, kí ẹ̀yìn ìwé má ya. Méje ya. Ìka ìlábẹ̀ ọmọ iṣẹ́ mi ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ta sí ọ̀kan, wọ́n di mẹ́jọ. Aago méjì òru la tó ti ilẹ̀kùn. Bàbá Tísà ti lọ sùn láti aago mẹ́sàn-án, ó ní ẹni tí wọ́n ti pa lẹ́ẹ̀kan kì í fi oorun ṣeré.

Mo pe ìyá akọ̀wé láàárọ̀ Sátidé kí ó tó wá kó ìwé. Mo lè dákẹ́, kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n méjìlélógóje ló máa rí dípò àádọ́jọ, mo ní láti sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní èmi ni mo ra bébà àti epo, kó yọ owó mẹ́jọ tó bàjẹ́ kúrò. Ó dákẹ́ lórí fóònù fúngbà díẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ ka Ford lábẹ́ igi Àgíà?"

Mo ní, "Mà, a ti yọ Ford."

Ó yọ owó mẹ́jọ náà lóòótọ́. N ò bínú.

Wọ́n ní kí Bàbá Tísà bá wọn rìn. Mo tẹ̀ lé wọn dé Marina. Níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bó ṣe ń ṣàlàyé Samuel Lọ́ńdọ̀nù àti Samuel Òṣogùn, ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ sókè, ó bi í pé ṣé àlùfáà Lọ́ńdọ̀nù yẹn mọ̀ pé wọ́n ti fi orúkọ òun sọ ẹlòmíràn. Bàbá ronú sí i. Ó ní, "Tí o bá dé ọ̀run, bi í kí o tó jókòó." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ọmọ yẹn kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìjọ ní kí a tún tẹ àádọ́ta sí i. Ìyá akọ̀wé mú bébà mìíràn wá, orúkọ àwọn ìyá àkọ́kọ́ nínú ìjọ tí wọ́n fẹ́ fi kún un ló wà níbẹ̀, tòun ti orúkọ bàbá wọn àti ọdún. Ó ní kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Tísà nísàlẹ̀ ewé kẹjọ, níbi tí "Ajayi, 1965" wà tẹ́lẹ̀. Mo pe Bàbá kí ó wá wo bí a ṣe kọ orúkọ rẹ̀. Ó wò ó, ó mú báírò lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: orúkọ bàbá rẹ̀, agbo ilé, àdúgbò, ọdún ìbí, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, ọdún tó fẹ̀yìn tì. Ó kọ ọ́ tán, ó ronú, ó fi àkámọ́ kún un: (ó wà láàyè).

Mo ní, "Bàbá, àyè ò lè gba gbogbo èyí."

Ó ní kí n dín lẹ́tà kù. Mo dín in kù.